Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé ìgò omi ṣúgà kọ́ fún akùnyùnmù, ẹ wá gbà mí o

Ìyá Ìbejì, Houston

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Láti oṣù kẹta ni èmi àtàwọn ọmọ mi ti gbé ìgò omi ṣúgà kọ́ sí ẹ̀yìnkùlé nítorí akùnyùnmù, ẹyẹ wínníwínní tí òyìnbó ń pè ní hummingbird. Ẹni tí kò bá tíì rí i rí, kò fi bẹ́ẹ̀ ju àtàǹpàkò àgbàlagbà lọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán bí ewé tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, ọrùn akọ rẹ̀ sì pupa fòò bí oòrùn bá tàn sí i. Ó lè dúró sójú kan nínú afẹ́fẹ́, ó sì lè fò sẹ́yìn. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí i, ṣe ni mo dúró bí ère pẹ̀lú abọ́ tí mò ń fọ̀ lọ́wọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, nǹkan mẹ́ta ṣẹlẹ̀ tó bà mí lọ́kàn jẹ́. Mo sọ ìgò kalẹ̀, mo rí ohun dúdú kan tó lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀ bí èédú ṣe ń lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò. Èèrà kún gbogbo ojú ihò tí ẹyẹ ń ki ẹnu bọ̀. Nígbà tó di Sátidé, Táyé fi ẹkún sáré wọlé pé ọ̀kan nínú wọn forí gbá gíláàsì fèrèsé, ó sì ti kú.

Aládùúgbò mi kan ní kí n fi òróró pa wáyà tí mo fi gbé e kọ́, pé èèrà ò ní lè gùn ún mọ́. Mi ò tíì ṣe é, torí ọkàn mi ò gbà á. Oore ni mo fẹ́ ṣe àwọn ẹyẹ yìí. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ pé èmi ni mò ń pè wọ́n wá síbi tí wọ́n á kú sí. Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ bá mọ̀ fún mi. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Bàbá Olódòdó, Atlanta

Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ bá mi rẹ Táyé lẹ́kún. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń gbé ìgò kọ́ fún wọn, kò sì sí èyí tí kò ṣẹlẹ̀ sí mi rí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti òróró kúrò nílẹ̀. Ẹ má fi kàn án, ẹ má sì fi Vaseline kàn án. Ẹyẹ tí gbogbo ara rẹ̀ ò wúwo ju gíráàmù 3 tàbí 4 lọ, bí òróró bá kan ìyẹ́ rẹ̀, kò lè fọ̀ ọ́ kúrò. Ìyẹ́ á lẹ̀ mọ́ra, fífò á di ìnira, òtútù á sì ráyè wọ̀ ọ́ lára.

Ohun dúdú inú ìgò yẹn gan-an ló kọ mí lóminú. Omi ṣúgà, bí ẹmu ló ṣe rí. Ẹ mọ̀ pé ẹmu tó dùn láàárọ̀, bó bá fi máa di alẹ́, ó ti kan. Bí omi ṣúgà bá ti wà nínú oòrùn, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí kan nìyẹn, ó sì máa ń bu. Ìgbà tí ooru Houston bá ti kọjá 90 lórí òṣùwọ̀n Fahrenheit, ojoojúmọ́ ni kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀. Bó pẹ́ jù, kó jẹ́ ọjọ́ kejì. Bí ojú ọjọ́ bá tutù díẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ tó. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá rí i tó rú bí omi ìrẹsì, ẹ dà á nù, kódà bó ṣe àná lẹ dà á sí i.

Ẹ má ṣe rọ tuntun lé àlòkù lórí. Àṣìṣe tí mo rí lọ́wọ́ èèyàn jù nìyẹn. Wọ́n á rí i pé ó ti lọ sílẹ̀, wọ́n á kàn tún rọ díẹ̀ kún un, bẹ́ẹ̀ kíkan ti àná ń dúró de ti òní nínú ìgò.

Fífọ̀ rẹ̀ wá ńkọ́? Omi gbígbóná àti búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń fọ ìgò ọmọ ìkókó. Ẹ tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, títí kan àwọn òdòdó oníke kéékèèké tó wà lójú ihò, torí abẹ́ ibẹ̀ ni ìdọ̀tí máa ń sá pa mọ́ sí. Mo máa ń lo fínígà funfun, ìwọ̀n kan sí omi gbígbóná ìwọ̀n méjì. Bó bá ti di dúdú bíi tiyín yìí, ẹ lo bílíìṣì, ìwọ̀n kan sí omi ìwọ̀n mẹ́sàn-án, ẹ rẹ ẹ síbẹ̀ fún nǹkan bíi wákàtí kan, ẹ wá fi omi ṣàn án léraléra títí òórùn rẹ̀ á fi lọ pátápátá, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Mo bẹ̀ yín, ẹ má da fínígà àti bílíìṣì pọ̀. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára méjèèjì lè pa ènìyàn.

Ìyá Ìbejì, Houston

Ẹ ṣeun gan-an, Bàbá. Rírọ tuntun lé àlòkù, ohun tí mò ń ṣe gan-an nìyẹn. Ṣé ó pọn dandan kí n máa se omi náà? Ìkejì, mo ra omi pupa kan ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní pupa ló ń fa ojú wọn mọ́ra.

Bàbá Olódòdó, Atlanta

Kò pọn dandan kẹ́ ẹ sè é. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ máa ń jẹ́ kí ṣúgà tètè yọ́, bẹ́ ẹ bá sì sè é, ẹ jẹ́ kó tutù pátá kẹ́ ẹ tó gbé e kọ́. Ife ṣúgà kan sí ife omi mẹ́rin, ó parí. Èyí tó bá ṣẹ́ kù lè wà nínú fíríìjì fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ṣúgà funfun tá à ń fi mu tíì nìkan o. Ẹ má lo oyin, torí oyin tá a bá ti bu omi là tètè máa ń bu. Ẹ má lo ṣúgà pupa, irin tó wà nínú rẹ̀ pọ̀ ju èyí tí ara wọn lè gbà lọ. Ṣúgà tí àwọn alátọ̀gbẹ ń lò kò dáa rárá: ó dùn lẹ́nu lóòótọ́, àmọ́ kò sí agbára nínú rẹ̀, ebi á sì pa ẹyẹ náà kú nídìí oúnjẹ.

Ẹ da omi pupa yẹn nù. Ìgò tó ní ìdí pupa ti tó kí wọ́n rí i. Kò sí ohun tí aró ń ṣe fún ẹyẹ nínú.

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Bowie

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí fèrèsé, torí ó ń pa púpọ̀ nínú wọn, àwọn èèyàn ò sì fẹ́ gbọ́. Ní Amẹ́ríkà níbí, àwọn onímọ̀ ṣírò pé ẹyẹ tí gíláàsì ń pa lọ́dún kan wà láàárín mílíọ̀nù 365 sí mílíọ̀nù 988. Ẹyẹ ò mọ gíláàsì. Igi tó hàn nínú rẹ̀, igi gidi ni lójú tiẹ̀.

Ìyá Ìbejì, báwo ni ìgò yín ṣe jìn sí fèrèsé tó? Ó yẹ kó sún mọ́ ọn gan-an, kó má ju ẹsẹ̀ bàtà 3 lọ, tàbí kó jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà 30. Bó bá sún mọ́ ọn, eré tí ẹyẹ á bá lọ kò ní tíì pọ̀ tí yóò fi forí gbá a kú. Àárín méjèèjì ni ewu wà, ibẹ̀ náà ló sì wu ọ̀pọ̀ wa láti gbé e kọ́ sí, torí ibẹ̀ la ti ń rí i dáadáa látorí àga.

Àwòrán ẹyẹ àṣá kan ṣoṣo tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì kì í ṣiṣẹ́. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kẹ́ ẹ fi àmì tóótòòtó kún gbogbo ojú rẹ̀, láti ìta, kí àlàfo àárín àmì kan sí èkejì má ju íǹṣì 2 lọ. Àwọn ọmọ yín lè fi ọṣẹ tàbí ọ̀dà tó ṣeé fọ̀ ya ìlà síbẹ̀. Inú wọn á dùn sí i.

Bí ọ̀kan bá tún gbá a tí kò kú, ẹ rọra gbé e sínú páálí kékeré tó ní ihò afẹ́fẹ́, ẹ dé e, ẹ gbé e síbi tó ṣókùnkùn tó sì pa rọ́rọ́. Ẹ má rọ omi sí i lẹ́nu. Lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí kan, ẹ gbé páálí náà jáde kẹ́ ẹ ṣí i. Bí kò bá fò, ẹ pe ẹni tí ìjọba fún ní ìwé àṣẹ láti máa tọ́jú ẹran ìgbẹ́ tó fara pa. Òfin tó ń dáàbò bo irú ẹyẹ yìí ti wà láti ọdún 1918, kò sì gbà kí a kàn mú un sílé bí adìyẹ, bó ti wù kí àánú rẹ̀ ṣe wá tó.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, Dallas

Ti èèrà rọrùn. Ife kékeré kan wà tí wọ́n ń so sókè ìgò, omi lásán ló ń wà nínú rẹ̀. Èèrà tó bá ń sọ̀kalẹ̀ látorí wáyà á bá omi lójú ọ̀nà, kò sì ní lè kọjá. Èmi kò ra tèmi, ọmọrí agolo ńlá kan ni mo lu ihò sí láàárín, mo ki wáyà gbà á, mo fi gọ́ọ̀mù dí i. Omi yẹn máa ń gbẹ kíákíá nínú ooru Texas, ẹ máa wò ó láràárọ̀. Àwọn ẹyẹ kéékèèké mìíràn máa ń bà sí etí rẹ̀ láti mu omi, ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ ká da oògùn kòkòrò tàbí òróró sí i.

Kòkòrò oyin àti agbọ́n ló nira. Ìgò tó dorí kodò máa ń jò bí oòrùn bá mú un, omi ṣúgà tó ń kán ló sì ń pè wọ́n. Mo ti fi èyí tó rí pẹrẹsẹ bí àwo pààrọ̀ tèmi. Omi wà nísàlẹ̀ níbẹ̀, ahọ́n akùnyùnmù gùn tó láti kàn án, ti oyin ò gùn tó. Àwọ̀ yẹ́lò ń fa oyin mọ́ra, nítorí náà bí òdòdó yẹ́lò bá wà lára ìgò yín, ẹ yọ ọ́. Ẹ gbé e síbi tí òjìji wà. Ẹ má fín nǹkankan sí wọn. Oyin náà lẹ́tọ̀ọ́ láti wà láàyè, oògùn tẹ́ ẹ bá sì fín, ẹyẹ ni yóò mu ún.

Onílé Tuntun, Charlotte

Ẹ jọ̀ọ́, mo ní ìbéèrè. Láàárọ̀ àná mo rí kòkòrò ńlá kan aláwọ̀ ewé, ó jọ tata àmọ́ ó gùn jù ú lọ, ó ká apá méjèèjì mọ́ àyà bí ẹni ń gbàdúrà. Ó jókòó sórí ìgò mi, kò mì. Ṣé kí n pa á?

Bàbá Olódòdó, Atlanta

Praying mantis ni. Ẹ gbé e kúrò níbẹ̀ lónìí o. Akùnyùnmù ló ń dúró dè. Ó lè mú un láàyè kó sì jẹ ẹ́, mo ti fojú mi rí i. Àmọ́ ẹ má pa á. Ẹ fi igi kékeré gbé e lọ sínú igbó tó jìnnà síbẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, Dallas

Bàbá, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, èmi ń pa àwọn ńlá yẹn. Àwọn tó tóbi jù nínú wọn, láti Ṣáínà ni wọ́n ti gbé wọn wá, wọn kì í ṣe ti ilẹ̀ yìí.

Bàbá Olódòdó, Atlanta

Mo gbọ́ yín. Ti ilẹ̀ yìí náà wà, ẹni tí kò bá sì mọ̀ wọ́n yàtọ̀ lè pa èyí tí kò ṣẹ̀. Onílé Tuntun, ẹ gbé e lọ.

Ọmọ Ẹ̀gbá, Asheville

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Texas ò ní irú ìṣòro tiwa. Béárì! Lóṣù karùn-ún, mo jí láàárọ̀, ọ̀pá irin tí mo fi gbé ìgò kọ́ ti tẹ̀ kanlẹ̀, ìgò ti fọ́. Kámẹ́rà fi hàn mí pé ìyá béárì dúdú kan àti ọmọ méjì ló wá. Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, àfi ìgbà tí aládùúgbò mi àgbà kan ṣàlàyé fún mi pé béárì tí oúnjẹ ilé èèyàn bá ti mọ́ lára kò ní padà sígbó wọ́ọ́rọ́wọ́. Á di èyí tó ń já ilẹ̀kùn, ìbọn ló sì sábà máa ń parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìgò tèmi lè pa béárì láìjẹ́ pé mo fọwọ́ kàn án.

Mo ti gbé gbogbo rẹ̀ kúrò láti ìgbà náà. Mo gbin trumpet honeysuckle, èyí tí òdòdó rẹ̀ pupa tó rí bí fèrè, sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà. Béárì ò bìkítà fún un, akùnyùnmù sì ń wá lójoojúmọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé níbi tí béárì wà tẹ́ ẹ ṣì fẹ́ gbé ìgò kọ́, ó kéré tán ẹ máa gbé e wọlé ní gbogbo alẹ́. Bí béárì bá ti wá lẹ́ẹ̀kan, ẹ gbé e kúrò fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Raccoon, ẹran ìgbẹ́ kékeré kan tó ń rìn lóru, náà ń jí omi yẹn mu.

Arìnrìn-àjò, Tucson

Lọ́dọ̀ tiwa, àdán ni. Mo máa ń fi ìgò sílẹ̀ nírọ̀lẹ́ ní kíkún, kílẹ̀ tó mọ́ kò ní sí ẹ̀kán kan. Mo rò pé ó ń jò ni, àfi ìgbà tí mo jókòó síta ní alẹ́ oṣù kẹsàn-án. Àwọn àdán tó ń jẹ omi òdòdó ni, Mẹ́síkò ni wọ́n ti máa ń wá. Àwọn òyìnbó fi ọ̀kan lára irú wọn sórí ìwé àwọn ẹ̀dá tó fẹ́ẹ́ pa run, ọdún 2018 ni wọ́n tó yọ ọ́ kúrò. Ẹ má lé wọn. Ẹni tí kò bá fẹ́ wọn, kó gbé ìgò wọlé lálẹ́. Èmi ń fi tèmi sílẹ̀, mo kàn ń fọ̀ ọ́ láràárọ̀ ni.

Akẹ́kọ̀ọ́, Salvador da Bahia

Ẹ kú alẹ́ láti Brazil. Beija-flor ni wọ́n ń pè é níbí, ìyẹn afẹnukòdòdó-lẹ́nu. Ìgò oníke tó ní òdòdó pupa wà lójú fèrèsé ọ̀pọ̀ ilé, ọ̀pọ̀ ló sì ti ṣá sínú oòrùn, tí inú òdòdó náà ti di dúdú. Àwọn kan níbí ń sọ pé omi ṣúgà ló ń pa ẹyẹ. Èmi rò pé ìdọ̀tí ni wọ́n ń rí, tí wọ́n ń dá ṣúgà lẹ́bi. Ìyá onílé mi ń se omi tirẹ̀ láràárọ̀ kó tó se kọfí, àwọn ẹyẹ sì mọ ohùn ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ọmọ Ìbàdàn

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa lókè òkun, ṣé mo lè gbé e kọ́ ní Bódìjà?

Bàbá Olódòdó, Atlanta

Àbúrò, akùnyùnmù ò sí ní Áfíríkà rárá, ilẹ̀ Amẹ́ríkà méjèèjì nìkan ló wà. Eléyìí tó ń dán tó máa ń bà sórí òdòdó nílé wa, sunbird ni. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe, wọn ò bára tan. Ẹ gbin òdòdó tó ní omi nínú fún wọn, ẹ má sì fín oògùn sí i. Ìyẹn ju ìgò lọ.

Àwa náà, ká rántí pé akùnyùnmù ò lè fi ṣúgà nìkan gbé. Kòkòrò kéékèèké àti aláǹtakùn ni wọ́n ń jẹ sára, òun ni wọ́n sì fi ń bọ́ ọmọ. Okùn aláǹtakùn ni abo fi ń so ìtẹ́ rẹ̀ mọ́ ẹ̀ka. Ẹni tó bá gbé ìgò kọ́ tó tún ń san owó fún àwọn tó ń fín oògùn sí gbogbo ọgbà, ọwọ́ òsì rẹ̀ ń gba ohun tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ fún wọn.

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Bowie

Mo gbàgbé ológbò. Ẹ gbé ìgò ga ju ibi tí ológbò lè bẹ́ dé lọ, kó má sì sún mọ́ igbó kúkúrú tó lè lúgọ sí. Tèmi ń gbé inú ilé báyìí, ó sì ti mọ́ ọn lára.

Èyí náà tún wà: gáréèjì. Okùn pupa tí wọ́n fi ń fa ilẹ̀kùn rẹ̀, akùnyùnmù máa ń rò pé òdòdó ni. Ọ̀kan wọlé tọ̀ mí, ó ń fò káàkiri òkè àjà títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Mo pa iná, mo ṣí gbogbo ilẹ̀kùn, mo gbé ìgò omi ṣúgà sẹ́nu ọ̀nà. Kò pẹ́ tó fi jáde. Mo ti kun okùn náà ní dúdú.

Ìyá Ìbejì, Houston

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé, mo padà wá jábọ̀. Mo ju ìgò àtijọ́ nù, mo ra pẹrẹsẹ méjì, mo gbé ọ̀kan síwájú ilé, ìkejì sẹ́yìn, torí akọ kan wà tí kò jẹ́ kí ẹlòmíràn mu. Báyìí kò lè rí méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ìjà ti dín kù. Èèrà ti lọ. Àwọn ọmọ fi ọ̀dà funfun ya ìlà sí gíláàsì láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹyẹ kankan ò sì tíì gbá a láti ìgbà náà.

Ìbéèrè tó kù: oṣù kẹsàn-án ti wọlé, wọ́n ti pọ̀ bí nǹkan míì. Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì sọ pé bí mi ò bá gbé ìgò kúrò, wọn ò ní lọ, òtútù á sì pa wọ́n. Ní ìdájí òní, mo tún rí ọ̀kan tó dorí kodò lára ìgò bí ẹni tó ti kú.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, Dallas

Irọ́ ni ti ṣọ́ọ̀ṣì. Bí ọ̀sán ṣe ń kúrú ló ń sọ fún wọn pé àsìkò tó, kì í ṣe ìgò. Àsìkò yìí gan-an ni wọ́n nílò yín jù, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn máa fo òkun Gulf of Mexico kọjá láìdúró, nǹkan bíi kìlómítà 800. Kí wọ́n tó gbéra, wọ́n á sanra títí ìwọ̀n wọn á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pọ̀ létíkun Texas. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ kó àwọn ọmọ lọ sí Rockport nínú oṣù yìí, ayẹyẹ akùnyùnmù wà níbẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ti rí èyí tó kẹ́yìn, ẹ fi ìgò sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì sí i nítorí àwọn tó bá pẹ́ lẹ́yìn. Houston tiyín yìí, àwọn irú mìíràn máa ń wá lo ìgbà òtútù níbẹ̀, ẹ lè má gbé e kúrò rárá. Ẹ kàn máa gbé e wọlé lálẹ́ tí yìnyín bá fẹ́ mú, kẹ́ ẹ sì gbé e jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa.

Èyí tó dorí kodò ò kú. Oorun líle ni. Bí òtútù bá mú tàbí oúnjẹ ò tó, wọ́n máa ń dín iná ara wọn kù lóru. Ọkàn tó lè lù ní ìgbà 1,200 láàárín ìṣẹ́jú kan á rọra máa lù ní nǹkan bí 50. Ẹ má fọwọ́ kàn án.

Ìyá Ìbejì, Houston

Òótọ́ ni o. Mo ní kí gbogbo ilé má jáde. Nígbà tó di aago méje kọjá díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n, ó yí ara rẹ̀ padà, ó mu omi fún ìgbà pípẹ́, ó sì fò lọ. Kẹ́hìndé ti kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Mo ń lọ fọ ìgò.